Àwọn Ìwé Ìròyìn Port Harcourt, láti 1930

Ní 1913 ni wọ́n fún èbúté tuntun kan ní etí odò Bonny ní orúkọ Lewis Harcourt, mínísítà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ń bójú tó àwọn ilẹ̀ abẹ́ àkóso wọn. Èédú Enugu ni wọ́n torí ẹ̀ dá ìlú náà sílẹ̀. Àjèjì ló kún un: akọ̀wé, oníṣòwò, òṣìṣẹ́ rélùwéè. Gbogbo wọn ló fẹ́ mọ ohun tó ń lọ.

Àlùfáà L. R. Potts-Johnson, ará Sàró, ló dá wọn lóhùn. Ó dá ìwé ìròyìn Nigerian Observer sílẹ̀ ní 1930. Àwọn Sàró kì í kúkú ṣe àlejò sí wa: ọ̀pọ̀ baba ńlá wọn ni Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun. Iṣẹ́ kan kò tó Àlùfáà yìí rárá: ó ń wàásù, ó ń tẹ ìwé ìròyìn, ó tún dá ilé-ẹ̀kọ́ Enitonna sílẹ̀ ní 1932.

Ní 1940, Nnamdi Azikiwe, tó ti ń tẹ West African Pilot l'Ékòó, gbé Eastern Nigerian Guardian wọ ìlú náà. Ojoojúmọ́ nìyẹn ń jáde, ìjà òmìnira ló sì gbájú mọ́.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, ó kan ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers. December 1, 1971 ni Nigerian Tide jáde, lábẹ́ Gómìnà Alfred Diete-Spiff.

Ọdún kejì lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀ràn oníròyìn Minere Amakiri ṣẹlẹ̀. Nigerian Observer lòun náà ń bá ṣiṣẹ́, àmọ́ èyí yàtọ̀ sí ti Àlùfáà. Ti ìjọba Midwest ní Benin ni. Amakiri kọ ọ́ pé àwọn tíṣà fẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ìròyìn náà bọ́ sí July 30, 1973, ọjọ́ ìbí gómìnà gan-an. Ralph Iwowari, ọlọ́pàá tó jẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ gómìnà, pàṣẹ kí wọ́n fá orí Amakiri, kí wọ́n sì nà án ní ẹgba 24. Gbogbo rẹ̀ lórí òótọ́ ọ̀rọ̀!

Amakiri gbé e lọ sí kóòtù ní Port Harcourt níbẹ̀. Adájọ́ Ambrose Allagoa dá a láre ní 1974, ó sì ní kí wọ́n san ₦10,750 fún un.

Tide ṣì ń jáde títí di òní. The Tide ni wọ́n ń pè é báyìí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Rivers ló ṣì ni ín.