Propeller Wo Ló Bá Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀ Ojú Omi Àtijọ́ Mu?

Ní etí ọ̀sà Èkó, láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́, ẹ óò rí ẹ́ńjìnì two-stroke tó ti gbó, àwọn tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo wọn, tó ṣì ń ti ọkọ̀ onípákó kiri. Ẹ́ńjìnì yìí lè pẹ́ láyé gan-an. Ṣùgbọ́n propeller tí kò bá a mu lè pa á díẹ̀díẹ̀, kí olówó rẹ̀ má sì mọ̀.

Tí mo bá béèrè bí wọ́n ṣe ń yàn án, ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ ni pé, "Èyí tó tóbi jù ló ń sáré jù." Kò rí bẹ́ẹ̀ o.

Kí ni nọ́ńbà méjì yẹn?

Ẹ wo ara propeller, ẹ lè rí nǹkan bíi 11 × 12. Íǹṣì ni méjèèjì. Ti àkọ́kọ́ ni ìbú: bí òbìrí tí ẹnu abẹ́ rẹ̀ ń yà ṣe fẹ̀ tó. Èkejì ni pitch: bó ṣe yẹ kó lọ síwájú tó bó bá yí lẹ́ẹ̀kan. Ẹ rò ó bíi skúrù tó ń wọ inú pákó.

Ká ṣírò ó. Ká ní ẹ́ńjìnì ń yí ní ìgbà 5,000 ní ìṣẹ́jú kan (RPM nìyẹn), jíà ìsàlẹ̀ sì dín in kù sí ìdajì. Propeller á yí ní ìgbà 2,500. Pitch íǹṣì 12 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1, nítorí náà ọkọ̀ á lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 150,000 ní wákàtí kan, ìyẹn bíi kìlómítà 46. Ṣùgbọ́n omi kì í ṣe pákó, ó máa ń yọ̀. Tí ìdá 15 nínú 100 bá ṣòfò, ó kù bíi kìlómítà 39.

Kí ló dé tí a kò kàn ra pitch 20?

Ẹ wo ọlọ́kadà tó fi jíà kẹrin gun òkè Màpó tòun ti èrò méjì lẹ́yìn. Ẹ́ńjìnì á máa kérora, kò ní lè sáré. Ọkọ̀ ojú omi kò ní jíà kejì tàbí ẹ̀kẹta. Iwájú, ẹ̀yìn àti fíríì nìkan ló mọ̀. Propeller gan-an ni jíà rẹ̀, ẹ sì ti yàn án kẹ́ ẹ tó kúrò ní èbúté.

Tí pitch bá pọ̀ jù, ẹ́ńjìnì kò ní dé RPM rẹ̀. Èédú á máa dì sórí pístìnnì àti plọ́ọ̀gì, ooru á pọ̀ sí i, pístìnnì lè bàjẹ́. Tó bá kéré jù, ẹ́ńjìnì á yí kọjá ààlà, ariwo á pọ̀, ọkọ̀ kò sì ní yára.

Ti ẹ́ńjìnì àtijọ́ tún le díẹ̀. Ara rẹ̀ ti jẹ, agbára rẹ̀ ti dín kù. Propeller tó bá a wá nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun lè ti wúwo jù fún un báyìí. Pákó ọkọ̀ náà ti mu omi, ó ti tẹ̀wọ̀n sí i. Ìdí nìyí tí ti aládùúgbò yín lè má bá tiyín mu.

Bí ẹ ṣe lè dán an wò

1. Ẹ kọ́kọ́ tún ẹ́ńjìnì ṣe: plọ́ọ̀gì, kàbúrétọ̀. Ẹ wo rọ́bà àárín propeller náà. Tó bá ti gbó, ẹ́ńjìnì á pariwo, RPM á fò sókè, ọkọ̀ kò sì ní lọ. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ pitch.

2. Ẹ wá RPM tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é kọ sínú ìwé rẹ̀ fún ìgbà tí iná bá wà ní pípé.

3. Ẹ wá mítà kékeré tí wọ́n ń wé wáyà rẹ̀ mọ́ wáyà plọ́ọ̀gì. Ẹ ṣètò rẹ̀ fún irú ẹ́ńjìnì yín.

4. Ẹ gbé ẹrù tí ẹ máa ń gbé lójoojúmọ́ sínú ọkọ̀. Ẹ lè fi àpò iyanrìn rọ́pò èrò. Ẹ wọ life jacket, ẹ lọ síbi tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, ẹ fún un ní iná tán. Tí RPM kò bá gòkè mọ́, ẹ kà á. Ẹ lọ, ẹ bọ̀, nítorí atẹ́gùn àti ìṣàn omi, kẹ́ ẹ wá mú àárín méjèèjì.

Ká ní ìwé sọ pé 4,500 sí 5,500, tiyín sì dé 4,200 péré. Tí ẹ bá dín pitch kù ní íǹṣì 1, RPM sábà máa ń gòkè ní bíi 150 sí 200. Nítorí náà, láti 13 ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí 10, ẹ lè dé nǹkan bíi 4,700. Ẹ tún un dán wò. Tó bá kọjá 5,500, ẹ fi pitch kún un.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan propeller, ẹ pa ẹ́ńjìnì, kẹ́ ẹ yọ wáyà plọ́ọ̀gì.

Tó bá jẹ́ pé nígbà míì ọkọ̀ ṣófo, nígbà míì ó kún, ìgbà tó kún ni kẹ́ ẹ fi yàn án. Lọ́jọ́ tó bá ṣófo, ẹ dín iná kù. Nítorí ọjọ́ tí èrò bá kún inú ọkọ̀ ni ẹ́ńjìnì kò gbọdọ̀ kú sáàárín ọ̀sà.