Gbó, Pọ́n àti Dùn: Àyẹ̀wò Ìpínsípele, Ìtọ́jú àti Ìfiránṣẹ́ Ọ̀pẹ̀ Òyìnbó Ilẹ̀ Benin sí Òkèèrè

Ìfáàrà
Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀-ìṣe "pọ́n" dúró fún pupa, ó sì tún dúró fún èso tí ó ti tó jẹ. Èyí máa ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ rò pé èso tí ara rẹ̀ bá ti pọ́n ti dùn nìyẹn. Nínú òwò èso tútù, èrò yìí lè fa àdánù ńlá. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó agbègbè Allada, ní gúúsù ilẹ̀ Benin, ni àpilẹ̀kọ yìí fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ìgbà Ìkórè
Èso ṣì ń mí lẹ́yìn ìkórè. Ọ̀gẹ̀dẹ̀, máńgòrò àti ìbẹ́pẹ lè pọ́n kí wọ́n sì dùn sí i lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká wọn, bí wọ́n bá ṣáà ti gbó. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ lè yí padà, ó sì lè rọ̀, ṣùgbọ́n adùn tí ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n gé e kò lè pọ̀ sí i mọ́.

Ìpínsípele
Ìlànà Codex pín ọ̀pẹ̀ òyìnbó sí ìpele mẹ́ta: Extra, Ìpele Kìíní àti Ìpele Kejì. Ìrísí, àpá àti ọgbẹ́ ara èso wà lára ohun tí wọ́n ń wò. Èso tí kò kúnjú ìwọ̀n kò gbọdọ̀ ju ìdá 5 nínú 100 lọ nínú Extra, tàbí ìdá 10 nínú àwọn ìpele yòókù. Ìlànà náà tún béèrè pé kí adùn inú èso tó 12 ó kéré tán lórí òṣùwọ̀n Brix. Ẹ̀rọ kékeré kan tí wọ́n ń kán omi èso sí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yà tí wọ́n ń pè ní "pain de sucre" lè dùn tán kí ara rẹ̀ sì tutù bí ewé. Ti "Cayenne lisse" ni ó máa ń pọ́n, àwọ̀ yìí sì ni oníbàárà òkèèrè ń wá. Nítorí náà ni àwọn àgbẹ̀ ṣe ń fín ethephon sí i kí ara rẹ̀ lè tètè pọ́n. Ethephon ń yí àwọ̀ padà, ṣùgbọ́n kò sọ èso di aládùn. Nígbà tí ìyókù rẹ̀ lára èso ju ìwọ̀n tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fàyè gbà lọ, ìjọba Benin fúnra rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 dá kíkó ọ̀pẹ̀ òyìnbó lọ sí Yúróòpù dúró fún ìgbà kan.

Ìtọ́jú àti Ìfiránṣẹ́
Otútù ń dín mímí èso kù, ṣùgbọ́n àpọ̀jù rẹ̀ ń ṣe ìpalára. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tí ó ti pọ́n ń fẹ́ 7°C sí 10°C. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń fẹ́ 13°C sí 14°C. Bí otútù bá pọ̀ jù, inú ọ̀pẹ̀ òyìnbó a dúdú, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ a sì ṣì. Kò yẹ, nígbà náà, kí wọ́n kó méjèèjì sínú kọ̀ǹténà kan náà. Ọkọ̀ òfurufú yá, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi dínwó, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni ó ń gbà. Èyí tí ó wù kí wọ́n lò, otútù kò lè fún èso ní adùn tí kò bá ti oko wá.

Àgbálọgbábọ̀
Ní ọdún 2021, "pain de sucre" ti Allada gba àmì ìdánimọ̀ ibi orírun lọ́dọ̀ àjọ OAPI. Èso tí ara rẹ̀ kò pọ́n ni ó gba oyè yìí. Ó yẹ kí olùkọ́ ya "gbó", "pọ́n" àti "dùn" sọ́tọ̀ nínú ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gé èso, kí wọ́n tọ́ ọ wò, kí wọ́n tó fún un ní ìpele.