Kóòtù Ìgbà Ọyẹ́: Yẹ Aṣọ Wò Kí Àlùmọ́gàjí Tó Kàn Án

Láti Oṣù Kejìlá títí di Oṣù Kejì, ọyẹ́ a máa fẹ́ láti àríwá wọ ilẹ̀ Kétu. Ní kùtùkùtù, olùkọ́ tó ń gun alùpùpù lọ sí iléèwé a máa wá ohun tí yóò fi bo àyà. Ìgbà yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ bá aránṣọ pé kí ó wọn kóòtù sí wọn lára. Aṣọ tó nípọn ni wọ́n sì máa ń fẹ́, èyí tí ilà ìbú àti ilà òòró pàdé lára rẹ̀, bí wọ́n ti rí i lọ́rùn àwọn òyìnbó nínú àwòrán.

Twíìdì ni aṣọ òyìnbó náà. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ún, ilẹ̀ Scotland sì wà lára ibi tí òkìkí rẹ̀ ti kàn jù. Mítà kan èyí tó wúwo lè tó ìdajì kílò. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní ọdún 1993 ló ń dáàbò bo èyí tí wọ́n ń pè ní Harris Tweed: ahunṣọ gbọ́dọ̀ hun ún nínú ilé ara rẹ̀, ní àwọn erékùṣù tó wà ní ìwọ̀-oòrùn Scotland. Òjò àti òtútù ibẹ̀ ni aṣọ náà bá mu. Ní Kétu, bí oòrùn bá ti gòkè, ẹni tó wọ̀ ọ́ yóò bọ́ ọ kọ́ apá. Àgùntàn ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ pàápàá kò ní irun tí ènìyàn lè ran di òwú.

Òwú oko ni Bẹ̀nẹ̀ ní, ó sì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gbìn ín jù lọ ní Áfíríkà. Òun ni àwọn obìnrin Yorùbá fi ń hun kíjìpá lórí òfì tí a gbé dúró. Òun náà ni àwọn ọkùnrin fi ń hun aṣọ òfì tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí a mọ̀ mọ́ ìlú Ìsẹ́yìn ní Nàìjíríà. Fún òwúrọ̀ ọyẹ́ ní Kétu, kíjìpá tó ki dáadáa yẹ kóòtù ju twíìdì tuntun lọ. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ kò ní tètè gbà á kọjá, òógùn ọ̀sán kò sì ní bà á jẹ́, nítorí pé ó ṣeé fọ̀.

Ṣùgbọ́n owó àgbàdo ni ẹlòmíràn fi ń ra aṣọ yìí, bí àlùmọ́gàjí bá sì ti kàn án, kò sí olùtajà tí yóò gbà á padà. Nítorí náà, kí ẹni tó ń rà á kọ́kọ́ di etí aṣọ mú, kí ó fún un mọ́wọ́ títí yóò fi ka ení dé ẹ̀wá, kí ó tó tú u sílẹ̀. Èyí tó bá runjọ tí kò tẹ́ mọ́, ìgbọ̀nwọ́ kóòtù rẹ̀ kò ní pẹ́ wú. Kí ó nà án sí oòrùn pẹ̀lú. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ níbì kan ju ibòmíràn lọ, ìhun rẹ̀ kò dọ́gba. Bí ó bá jẹ́ aṣọ aláró, kí ó fi àkísà funfun tó tutù nù ún. Aró tó bá yọ sára àkísà yóò yọ sí ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì náà. Òwú a sì máa súnkì: kí a rẹ aṣọ sómi, kí ó gbẹ, kí a tó gbé e fún aránṣọ.

Ilà ni ọ̀ràn tó le jù. Tẹ́ẹ́rẹ́ aṣọ òfì kan kì í sábà fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 lọ. Bí ahunṣọ kò bá wọn ilà ìbú rẹ̀ dọ́gba, ilà náà kò ní pàdé nígbà tí a bá rán tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ èkejì, aránṣọ kò sì lè tún un ṣe. Ọjà ni kí a ti tẹ́ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, lórí ẹní, kí a tó sanwó. Kóòtù àgbàlagbà kan ń gba nǹkan bíi mítà 2 aṣọ tó fẹ̀ ní mítà 1 àbọ̀. Bí ó bá jẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, mítà 30 nìyẹn. Bí ilà bá ṣe jìnnà síra tó ni àfikún yóò ṣe pọ̀ tó, nítorí pé aránṣọ ní láti sún aṣọ sókè sódò kí ilà lè pàdé ní àárín ẹ̀yìn, ní ojú bọ́tìnnì àti ní ẹnu àpò. Ẹni tó kúrú tó sì tún tẹ́ẹ́rẹ́, kí ó fi ilà gbàǹgbà sílẹ̀ fún àwọn sànmọ̀rí.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò kúrò lára twíìdì lè wá kóòtù àlòkù lọ sí Missèbo ní Kútọnu. Kí ó wo abẹ́ apá rẹ̀ àti inú àpò rẹ̀ dáadáa, nítorí pé kòkòrò a máa jẹ irun àgùntàn.

Ní ti kíjìpá, kí aránṣọ lo abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16 tàbí 18, kí ó sì fi aṣọ inú sí ejìká àti apá nìkan. Apá yóò lè yọ̀ wọlé, ẹ̀yìn yóò sì máa rí atẹ́gùn. Orí ṣẹ́ẹ̀tì tí onítọ̀hún yóò máa wọ̀ sábẹ́ rẹ̀ ni kí ó ti wọn ọ́n.