Nígbà Tí Àmì Ojú Irin Bá Dákẹ́

 Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ló bi mí léèrè pé, "Prof, kí ló dé tí wọ́n máa ń sọ fún wa pé ọkọ̀ ò lè lọ torí pé àmì ojú irin bàjẹ́? Ọkọ̀ wà, irin wà, awakọ̀ wà. Ṣé àmì lásán ló yẹ kó dá ẹgbẹ̀rún èèyàn dúró?"

Èmi kì í ṣe ẹnjiníà. Ṣùgbọ́n àmì ni iṣẹ́ tí mo fi ọjọ́ ayé mi ṣe, torí kí ni èdè bí kì í bá ṣe àmì? "Lásán" tó wà nínú ìbéèrè yẹn ló mú mi jókòó kọ èyí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ọ̀rọ̀. Ojú ara rẹ̀ ni awakọ̀ mọ́tò fi ń wakọ̀. Ó rí ewúrẹ́ lójú títì, ó tẹ búréèkì, tàbí kó yà fún un. Awakọ̀ rélùwéè ò lè yà. Irin lórí irin náà kì í sì í di ara wọn mú bíi táyà lórí ọ̀dà. Ọkọ̀ tó ń sáré 100 kìlómítà ní wákàtí kan lè lọ ju 500 mítà lọ kó tó dúró. Tó bá jẹ́ ìgbà tó fojú rí ọkọ̀ tó wà níwájú ló tó tẹ búréèkì, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi pín ojú irin sí abala-abala, tí wọ́n sì ṣòfin pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ wà nínú abala kan. Iṣẹ́ àmì ni láti sọ bóyá abala iwájú ṣófo.

Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo tó wà nítòsí wa ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun níbí ní 1907. Irin ẹyọ kan ni, tí ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń gbà. Ọ̀kan nínú ọgbọ́n tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì máa ń lò lórí irú irin bẹ́ẹ̀ ni pé kí awakọ̀ gba ohun kan lọ́wọ́ ọ̀gá tẹ́ṣàn, bóyá igi tàbí irin pẹlẹbẹ, tí wọn kì í jẹ́ kí ju ẹyọ kan lọ wà níta fún ọ̀nà náà. Ẹni tí kò bá rí i gbà kò gbọdọ̀ gbéra. Ẹ ò rí i pé àrokò ni? Ohun tó wà lọ́wọ́ ìránṣẹ́ ló ń sọ̀rọ̀.

Ní 1872, ará Amẹ́ríkà kan, William Robinson, gbé ọgbọ́n mìíràn dé, òun ni wọ́n sì ń lò ní ọ̀pọ̀ ibi títí dòní. Wọ́n á fi iná mànàmáná díẹ̀ ránṣẹ́ gba inú irin méjèèjì. Bí iná yẹn bá dé òdìkejì, yóò di súìṣì kan mú, àmì á sì sọ pé "máa bọ̀". Bí ọkọ̀ bá wọ abala náà, ẹsẹ̀ irin rẹ̀ á so irin méjèèjì pọ̀, iná á gba ibẹ̀ padà, súìṣì á já bọ́, àmì á di pupa. Ibi tí ọgbọ́n wà nìyí o: bí wáyà bá já, bí irin bá ṣẹ́, bí bátìrì bá kú, bí olè bá gé wáyà lọ, pupa náà ni. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ló wà níbẹ̀ àbí wáyà ló já. Níwọ̀n ìgbà tí kò sì ti mọ̀, "dúró" ló máa sọ. Àwọn àgbà ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí.

Nítorí náà, lọ́pọ̀ ìgbà, àmì tí wọ́n ní ó bàjẹ́ ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ni. Kò fẹ́ sọ ohun tí kò mọ̀. Owó tí à ń san fún un ni ìdádúró: awakọ̀ á dúró gbàṣẹ látẹnu ẹni tó ń darí ọ̀nà, á wá máa rọra lọ bí ẹni ń tọ̀nà lókùnkùn, gbogbo ọkọ̀ ẹ̀yìn á sì tò tẹ̀lé e, torí kò síbi tí wọ́n máa yà sí.

Àmì tó yẹ ká bẹ̀rù ni èyí tó bàjẹ́ tí kò dákẹ́. Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù mọ Clapham Junction. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá 1988, ọkọ̀ ojú irin forí sọ èkejì ní ẹ̀yìn nítòsí ibẹ̀, ẹ̀kẹta sì kó sí i. Èèyàn 35 ló kú. Wáyà àtijọ́ kan tí wọn ò gé kúrò nígbà tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ tuntun ló padà kan ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ló ń fún súìṣì ní iná tí kò yẹ kó rí. Ọkọ̀ wà níwájú, àmì ò pupa. Ìwádìí sì fi hàn pé ọjọ́ ìsinmi kan ṣoṣo ni òṣìṣẹ́ tó ṣe wáyà náà ní láàárín ọ̀sẹ̀ 13. Ó rẹ èèyàn, àmì wá ń purọ́.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Láti ọjọ́ 4 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni ọkọ̀ Blue Line ti ń kó èrò láàárín Marina àti Mile 2 l'Ékòó. Red Line tó ń gba Agége àti Ìkẹjà dé Òyìngbò bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá 2024, òun àti ọkọ̀ Èkó sí Ìbàdàn ló sì jọ ń lo irin. Níbi tí ọkọ̀ méjì bá ti ń pín irin, ìdádúró ọ̀kan kì í pẹ́ ran èkejì.

Ṣùgbọ́n ewu tiwa tó pọ̀ jù wà níbi tí títì ti gba orí irin kọjá. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹta 2023, ọkọ̀ ojú irin kọ lu bọ́ọ̀sì tó kó àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Èkó ní PWD, Ṣógúnlé. Èèyàn mẹ́fà ló kú. Ní ọ̀pọ̀ irú ibẹ̀, èèyàn tó di àsíá pupa mú ni àmì. Ibí gan-an ni iṣẹ́ tèmi ti kan ọ̀rọ̀ náà. Àmì ò ní agbára kankan lára rẹ̀ ju àdéhùn tó wà láàárín àwa tí à ń lò ó. Bí wọ́n bá gbé àsíá pupa sókè fún ogún ìṣẹ́jú tí ọkọ̀ ò dé, lónìí, lọ́la, lọ́tùn-únla, àwọn awakọ̀ á kọ́ ìtumọ̀ tuntun fún pupa: "ó ṣì jìnnà." Bí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ṣe ń yí padà lẹ́nu àwọn èèyàn nìyẹn. Tí ìtumọ̀ pupa bá sì ti yí padà báyìí, ẹ̀mí ló ń bá a lọ. Afárá tí wọ́n kọ́ fún Red Line ní Ìkẹjà, Múṣín, Yábàá àti Òyìngbò dára púpọ̀, torí mọ́tò tó gba orí afárá ò nílò àmì kankan mọ́.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí wọ́n bá kéde pé àmì bàjẹ́, ẹ má ṣe béèrè ìdí tí wọ́n fi dá yín dúró. Ẹ bi wọ́n pé: ẹ̀ẹ̀mélòó ló ti bàjẹ́ níbi kan náà lóṣù yìí? Ta ló ń tún un ṣe? Ǹjẹ́ ẹni náà ti sinmi?