Èdè kọ̀ǹpútà tí àwọn ọ̀dọ́ ti mọ̀ wúlò fún blockchain tó ń pa àṣírí mọ́

Ọ̀dọ́ Ìlọrin tó ti náwó kọ́ Java kò ní í fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ láti ìpìlẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ lórí blockchain, ìyẹn ìwé àkọsílẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú. Java, Go àti JavaScript náà ni wọ́n fi ń kọ ètò sórí Hyperledger Fabric. Lórí rẹ̀, àwọn tó jọ ń ṣòwò lè ya ọ̀nà tiwọn sọ́tọ̀, kí ẹlòmíì má baà rí i. Òun ni CBN lò fún eNaira tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ 25, oṣù kẹwàá, ọdún 2021.

Ṣùgbọ́n mímọ Java nìkan kò tó. Ẹni tó ń kọ ètò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó yẹ kó rí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àṣìṣe kékeré lè tú àṣírí oníbàárà síta.