Ohun Tí Ó Ń Parí Kí Ìyá Tó Mọ̀ Pé Òun Lóyún

Bí wọ́n bá bí ọmọ tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ là sílẹ̀, tí kókó kan yọ síbẹ̀, ìyá rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi. Wọ́n á ní ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń fi í halẹ̀ ìkọ̀sílẹ̀ mọ́ ọn. Oòrùn kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Nígbà tí oyún bá fi díẹ̀ lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, ọmọ kò tíì ní ọpọlọ. Ohun tó wà ni sẹ́ẹ̀lì tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní. Etí rẹ̀ méjèèjì á gbéra sókè, á tẹ̀ síra wọn, á sì lẹ̀ pọ̀ di páìpù. Òkè páìpù yìí ló ń di ọpọlọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló ń di mùdùnmúdùn inú eegun ẹ̀yìn.

Ohun tí Ọlọ́hun fi ń darí iṣẹ́ yìí ni jíìnì, èyí tí àwọn kan ń pè ní àbùdá. Ó dà bí àṣẹ tí a kọ sínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Sonic hedgehog (inú eré kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti mú orúkọ náà, àwọn onímọ̀ náà a máa ṣeré). Ohun tí jíìnì yìí ń mú jáde ń ti abẹ́ páìpù wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí rẹ̀ ń di èyí tó ń mú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣiṣẹ́. Àwọn tó jìnnà sí i ń gba àṣẹ mìíràn, wọ́n sì ń di èyí tó ń jẹ́ iṣẹ́ ìrora àti ìfọwọ́kàn fún ọpọlọ. Bó ṣe rí nínú ẹja àti adìyẹ náà nìyẹn. Jíìnì mìíràn, Vangl2, wà lára àwọn tó ń mú kí etí méjèèjì pàdé: nínú eku tí tirẹ̀ bàjẹ́, páìpù náà kì í dé.

Ní nǹkan bí ọjọ́ 28 tí oyún ti dúró, páìpù náà ti dé tán. Nǹkan oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ fi bí ọ̀sẹ̀ méjì kọjá ọjọ́ rẹ̀ ni o. Ìyá tó dúró di oṣù kẹrin kó tó forúkọ sílẹ̀ nílé ìwòsàn, tí a wá fún ní fólíìkì ásíìdì, ó dára fún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ti eegun ẹ̀yìn ti kọjá. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pọ̀ sí i kíákíá gbọ́dọ̀ ṣe ẹ̀dà jíìnì rẹ̀, fólíìkì sì wà lára ohun tó fi ń ṣe é.

Ní 1991, àjọ ìwádìí ìṣègùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Medical Research Council, tẹ èsì kan jáde. Láàárín àwọn obìnrin tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, fólíìkì tí wọ́n lò ṣáájú oyún dín in kù ní ìdá 72 nínú 100. Kò dáàbò bo gbogbo wọn, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀sùn kan ìyá tó lò ó tí ó ṣì ṣẹlẹ̀ sí.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ìyàwó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ti dá ọjọ́ yìgì: máíkírógíráàmù 400 lójoojúmọ́, títí oyún á fi pé ọ̀sẹ̀ 12. Ẹni tó ti bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí, tó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tó ń lo oògùn wárápá, pàápàá valproate, nílò èyí tó lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó rí dókítà kó tó lóyún, kó má sì dá oògùn wárápá dúró fúnra rẹ̀. Nínú ààwẹ̀, ẹ lè lò ó ní sààrì.