Òkè Tó Gbani, Odò Tó Ní Èèwọ̀

Ọmọ tí wọ́n bí sí London tàbí Houston lè mọ odò Thames àti òkè Everest bí ẹní mowó, kó má sì mọ odò tó gba ìlú bàbá rẹ̀ kọjá. Bẹ́ẹ̀, òkè, odò àti ọ̀sà ni Yorùbá wò kí wọ́n tó yan ibi tí wọn óò tẹ̀dó sí, ohun tí wọn óò máa bọ àti ohun tí yóò jẹ́ èèwọ̀ wọn.

Nígbà tí ogun gbòde ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ẹni tó bá rí àpáta sá sí ti bọ́. Ní 1830, Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, kó wọn wá sábẹ́ àpáta Olúmọ, ibẹ̀ sì di ìlú Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá gun Olúmọ lónìí yóò rí kòtò róbótó-róbótó lára àpáta: ibẹ̀ làwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan jíjẹ nígbà tí ogun ò jẹ́ kí wọ́n jáde. Àwọn ará Ìdànrè ní tiwọn ń gbé orí òkè títí di ọ̀rúndún ogún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni àlejò ń gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ náà. Ìdí rèé tí wọ́n fi ń bọ òkè: ẹni tó gbani là là ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbàdàn náà ṣì ń ṣọdún òkè tiwọn, Òkèbàdàn, lọ́dọọdún.

Odò náà ní olúwa.

Láti Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun, tí òrìṣà Ọ̀ṣun ni, ti ṣẹ̀, ó gba Òṣogbo, ó sì ṣàn títí ó fi wọ ọ̀sà Lẹ́kì. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni ẹja pípa àti ọdẹ ṣíṣe. Èèwọ̀ yìí ló jẹ́ kí igi àti ẹranko ibẹ̀ ṣẹ́kù nígbà tí oko àti ilé ti jẹ igbó àyíká tán. Àmọ́ agbára rẹ̀ ò dé òkè odò, níbi táwọn tó ń wa góòlù ti sọ omi náà di ẹlẹ́rẹ̀.

Ní Èkó, ọ̀tọ̀ lòkun, ọ̀tọ̀ lọ̀sà. Ọ̀sà rọra dúró lẹ́yìn ilẹ̀ iyanrìn, àwọn apẹja àdúgbò Màkókó sì ń tu ọkọ̀ wọn lórí rẹ̀. Agbami kì í ṣe ibi tí ọkọ̀ kékeré ń ṣeré dé. Òrìṣà Olókun ló ni òkun. Odò Ògùn, tí wọ́n fi sọ ìpínlẹ̀ kan lórúkọ ní 1976, ni ti Yemọja.

Ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil ò rí odò Ògùn mọ́, òkun ni wọ́n rí. Ní ìlú Salvador ní Brazil, lọ́jọ́ kejì oṣù Kejì lọ́dọọdún, àwọn apẹja máa ń fi ọkọ̀ gbé òdòdó àti lọ́fínńdà lọ fún Yemọja lójú agbami. Ní Cuba náà, ìyá olómi òkun ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ pe àwọn àgbà ilé lórí fóònù. Ẹ béèrè òkè àti odò ìlú yín, èèwọ̀ ibẹ̀ àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọ nígbà tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣì wà láyé.